Owó adójútòfò ń gòkè: Ẹni tó gé iye ọjà rẹ̀ kù lórí ìwé, ara rẹ̀ ló ń tàn

Inú oníṣòwò kì í dùn mọ́ báyìí tí lẹ́tà iléeṣẹ́ adójútòfò bá dé pé ọdún ti yí po, kó wá san owó tuntun. Owó tó san lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn kọ́ ni wọ́n ń bèèrè mọ́. Olóko adìyẹ, ẹni tó ń ta aṣọ, ẹni tó ní ẹ̀rọ ìlọta, onílé tó fi ìsàlẹ̀ ilé rẹ̀ ṣe ṣọ́ọ̀bù, gbogbo wọn ló ń ráhùn pé ìnṣọ́ránsì ti di ohun olówó. Bẹ́ẹ̀, ọjà kò yá bíi ti tẹ́lẹ̀, owó iná àti owó dísẹ́ẹ̀lì sì ti gba èyí tó pọ̀ nínú èrè.

Ohun tí ọ̀pọ̀ wọn wá ń ṣe kò ju mẹ́ta lọ. Àwọn kan á ju lẹ́tà náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, wọ́n á ní Ọlọ́run ló ń ṣọ́ni. Àwọn kan á wá ẹni tó máa bá wọn ṣe ìwé olówó pọ́ọ́kú, wọn kò sì ní bèèrè ibi tí ìwé náà ti wá. Àwọn kẹta, àwọn tó jọ pé ọgbọ́n wọn pọ̀ jù, á san owó ní tiwọn, ṣùgbọ́n wọ́n á gé iye dúkìá wọn kù lórí fọ́ọ̀mù. Ẹni tí ọjà rẹ̀ tó mílíọ̀nù lọ́nà ogún náírà á kọ mílíọ̀nù mẹ́wàá, owó tó máa san á sì já sí ìdajì. Ti àwọn kẹta yìí ló léwu jù. Ẹni tí kò ní ìwé rárá mọ̀ pé kò sí nǹkan kan lẹ́yìn òun, ṣùgbọ́n ẹni tó gé iye ọjà kù rò pé òun ti fi ọkàn balẹ̀.

Kí wọ́n tó mọ ibi tí wọ́n ti lè dín owó náà kù láì fara wọn sínú ewu, ó yẹ kí wọ́n mọ ohun tó gbé e sókè. Ohun méjì ni wọ́n fi ń ṣírò owó adójútòfò: iye tí dúkìá tó, àti ìdá tí wọ́n máa yọ nínú iye náà. Bí ewu bá ṣe pọ̀ tó níbi tí dúkìá wà ni ìdá náà ṣe ń pọ̀ tó. Ìdá tí wọ́n ń gbà lórí ilé búlọ́ọ̀kù tí ènìyàn ń gbé kéré sí ti ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ń ta fóòmù tàbí ọ̀dà. Èyí tí ọ̀pọ̀ kò fiyè sí ni pé ìdá yìí lè wà níbi tó wà, kí owó tí wọ́n máa san sì di ìlọ́po mẹ́ta, torí pé iye dúkìá ló gòkè.

Nígbà tí oṣù kẹfà ọdún 2023 bẹ̀rẹ̀, dọ́là kan kò tí ì tó 500 náírà lọ́wọ́ ìjọba. Inú oṣù náà ni Báńkì Àpapọ̀ ní kí náírà lọ wá iye ara rẹ̀ lọ́jà, nígbà tó sì máa fi di oṣù kejì ọdún 2024, dọ́là kan ti kọjá 1,500 náírà. Àjọ NBS tó ń ṣe ìṣirò fún ìjọba sọ pé ní oṣù Kejìlá ọdún 2024, ìdá 34.80 nínú ọgọ́rùn-ún ni ọjà fi wọ́n ju ti ọdún tó ṣáájú rẹ̀ lọ, kí wọ́n tó yí ọ̀nà ìṣirò wọn padà lọ́dún 2025. Ká wá mú un pé ẹ̀rọ tí ẹnì kan rà ní mílíọ̀nù mẹ́ta lọ́dún 2021 ti di mílíọ̀nù mẹ́sàn-án. Bó bá jẹ́ pé náírà kan lórí igba náírà ni wọ́n ń gbà nígbà náà, tó sì jẹ́ pé bẹ́ẹ̀ náà ni lónìí, 15,000 náírà ló san tẹ́lẹ̀, 45,000 ni wọ́n máa ní kó san báyìí. Iléeṣẹ́ adójútòfò kò fi kọ́bọ̀ kún ìdá wọn. Náírà ló ṣubú.

Ìdí mìíràn wà tí kò hàn sójú oníbàárà. Àwọn iléeṣẹ́ adójútòfò fúnra wọn ń gbé lára ẹrù wọn fún àwọn iléeṣẹ́ tó tóbi jù wọ́n lọ, títí dé òkè òkun, dọ́là ni wọ́n sì fi ń san púpọ̀ nínú owó náà. Òfin náà ń kó tirẹ̀ bá a. Láti ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2023 ni àjọ NAICOM, tó ń mójútó iṣẹ́ adójútòfò ní Nàìjíríà, ti gbé owó ìwé Third Party fún mọ́tò àdáni kúrò ní 5,000 lọ sí 15,000 náírà, tí ti ọkọ̀ ńlá tó ń fi ẹrù ṣe owó sì di 100,000. Èyí kò gba dúnàádúrà. Ṣùgbọ́n ti ilé, ti ṣọ́ọ̀bù àti ti oko ní àyè ọ̀rọ̀ dáadáa, bí ènìyàn bá mọ ibi tí yóò ti mú un.

Ibi tí kò gbọ́dọ̀ ti mú un ni iye dúkìá. Nínú ìwé àdéhùn adójútòfò iná, gbólóhùn kan wà tí àwọn oníṣẹ́ náà ń pè ní average. Ó sábà máa ń wà lápá ẹ̀yìn ìwé, pẹ̀lú lẹ́tà wínníwínní tí ojú àgbàlagbà kò lè kà láìsí awò. Ohun tó ń sọ ni pé bí dúkìá bá ju iye tí wọ́n kọ sílẹ̀ lọ lọ́jọ́ tí òfò ṣẹlẹ̀, oní-dúkìá ti sọ ara rẹ̀ di adójútòfò fún èyí tó ṣẹ́kù, wọ́n á sì jọ pín òfò náà.

Ká padà sọ́dọ̀ ẹni tí ọjà rẹ̀ jẹ́ mílíọ̀nù ogún, tó kọ mílíọ̀nù mẹ́wàá. Iná wáyá ṣẹ́ lóru, ọjà mílíọ̀nù mẹ́fà jóná kí àwọn panápaná tó dé. Ọkàn rẹ̀ balẹ̀ pé mílíọ̀nù mẹ́fà kò kúkú tíì tó mẹ́wàá tí òun kọ, wọ́n á san án pé. Rárá o. Àwọn tó wá yẹ òfò wò á ka ọjà tó kù, wọ́n á wo ìwé tó fi ra èyí tó jó, wọ́n á rí i pé mílíọ̀nù ogún ló wà nínú ṣọ́ọ̀bù. Ìdajì ló kọ, ìdajì òfò ni wọ́n máa san: mílíọ̀nù mẹ́ta. Mílíọ̀nù mẹ́ta yòókù, òun ni yóò gbé e. Bó bá jẹ́ pé náírà kan lórí igba ni wọ́n ń gbà lọ́wọ́ rẹ̀, 100,000 náírà ni ì bá san lọ́dún, 50,000 ló san. Ọgọ́ta ọdún ló máa fi jẹ irú èrè bẹ́ẹ̀ kó tó rí mílíọ̀nù mẹ́ta tó lọ yẹn kó jọ.

Èyí tó wá burú níbẹ̀ ni pé gbólóhùn náà kò mọ òpùrọ́ yàtọ̀ sí ẹni tó gbàgbé. Ẹni tó kọ mílíọ̀nù mẹ́wàá lọ́dún 2021, tó jẹ́ pé òótọ́ ló kọ nígbà náà, ṣùgbọ́n tó kàn ń san owó lọ́dọọdún láì yí iye náà padà, ojú kan náà ni wọ́n máa fi wò ó. Ọjà tó wà ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kò pọ̀ sí i, ó tilẹ̀ lè ti dín, ṣùgbọ́n iye owó tí wọ́n máa fi rà á padà ti yàtọ̀. Irú àwọn wọ̀nyí pọ̀ ju àwọn tó mọ̀ọ́mọ̀ gé e lọ.

Ibo wá ni wọ́n ti lè dín in kù? Ti onílé ló rọrùn jù láti rí, òun náà sì ni wọ́n máa ń gbójú fò jù. Ọ̀pọ̀ onílé ló ń kọ iye tí wọ́n lè ta ilé wọn sórí fọ́ọ̀mù. Ilẹ̀ wà nínú iye yẹn. Ní Èkó pàápàá, ilẹ̀ lè gba ìdajì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ nínú owó ilé. Ilẹ̀ kì í jó. Iye tí wọ́n máa fi tún ilé náà kọ́ ló yẹ kí wọ́n kọ: sìmẹ́ǹtì, irin, pákó, páànù, owó birikìlà, owó ẹni tó máa ya pílánì, àti owó tí wọ́n máa fi kó àlàpà kúrò nílẹ̀. Bó bá jẹ́ pé 60 mílíọ̀nù ni ilé àti ilẹ̀ máa tà, tó sì jẹ́ pé 35 mílíọ̀nù ni wọ́n máa fi tún un kọ́, lórí 35 mílíọ̀nù ni kó ti san owó. Eléyìí kò ní kí average mú un, torí òótọ́ ni. Kí ó ṣáà bèèrè lọ́wọ́ ẹni tó mọ iṣẹ́ ìṣirò ilé kíkọ́, kó má fojú díwọ̀n ọ́n, torí owó sìmẹ́ǹtì kì í dúró síbì kan. Ẹni tó jẹ́ ayálégbé kò tilẹ̀ ní iṣẹ́ kan pẹ̀lú ògiri. Ẹrù tirẹ̀ nìkan ni kó kọ, kó sì fi ilé sílẹ̀ fún ẹni tó ni ín.

Ti olè yàtọ̀ sí ti iná. Iná lè jó gbogbo ṣọ́ọ̀bù, ṣùgbọ́n olè kò lè kó gbogbo àpò sìmẹ́ǹtì tó wà nínú sítọ́ọ̀ lóru ọjọ́ kan. Nítorí èyí, àwọn iléeṣẹ́ kan gbà kí oníṣòwò sọ iye gbogbo ọjà rẹ̀ fún wọn, kí wọ́n sì jọ fẹnu kò lórí èyí tí olè lè kó lọ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Lórí èyí tí wọ́n jọ fẹnu kò sí yìí ni wọ́n máa dúró, owó rẹ̀ sì máa ń kéré. Ó gbọ́dọ̀ wà nínú ìwé o. Àdéhùn ẹnu kò sí níbi ọ̀rọ̀ adójútòfò.

Ẹni tí ọjà rẹ̀ máa ń kún fọ́fọ́ nígbà Kérésìmesì tàbí Iléyá, tó sì máa ń gbẹ lẹ́yìn ọdún, kò yẹ kó máa san owó ọjà kíkún láti oṣù kìn-ín-ní dé ìparí ọdún. Ìwé kan wà tí oníṣòwò á ti máa sọ iye ọjà tó ní lóṣooṣù, tí wọ́n á sì ṣírò owó rẹ̀ dọ́gba nígbà tí ọdún bá parí. Àwọn tó ń kó irè oko pamọ́, bí àgbàdo àti kòkó, ni ó bá mu jù. Ìṣòro rẹ̀ kò ju pé ó gba kí ènìyàn máa kọ ìwé déédéé, èyí tí ọ̀pọ̀ oníṣòwò wa kò fẹ́ràn.

Ọ̀nà mìíràn ni kí oníṣòwò gbà láti dá kékeré gbé. Excess ni wọ́n ń pè é. Bí àdéhùn bá jẹ́ pé òun ni yóò máa dá gbé 200,000 náírà àkọ́kọ́ nínú òfò kọ̀ọ̀kan, iléeṣẹ́ adójútòfò kò ní máa sáré wá nítorí fèrèsé tó fọ́, wọ́n á sì dín owó rẹ̀ kù. Èyí dára fún ẹni tó ní owó díẹ̀ nílé tàbí tó lè tètè yá a lọ́dọ̀ ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ rẹ̀. Ẹni tí 200,000 lè dá ìṣòwò rẹ̀ dúró, kó má gbìyànjú rẹ̀.

Lẹ́yìn èyí ni ti ewu fúnra rẹ̀. Jẹnẹrétọ̀ tó wà nínú ṣọ́ọ̀bù, kẹ́ẹ̀gì bẹntiróòlù tó wà lábẹ́ tábìlì, wáyá tí wọ́n fi téèpù dì, gbogbo wọn ló ń gbé ìdá sókè. Bí wọ́n bá ti gbé jẹnẹrétọ̀ síta, tí wọ́n ra ẹ̀rọ panápaná, tí oníná tó mọṣẹ́ sì tún wáyá ṣe, kí wọ́n ní kí iléeṣẹ́ adójútòfò rán ènìyàn wá wò ó. Ọ̀pọ̀ ló ń ṣe àtúnṣe wọ̀nyí, tí wọn kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni, tí wọ́n á tún máa san owó ewu àtijọ́. Nínú ọjà ńlá, ọ̀rọ̀ náà ju ti ẹnì kan lọ. Iná tó jó àwọn ilé alájà púpọ̀ ní ọjà Balógun l'Ékòó lóṣù kọkànlá ọdún 2019 kò yan ṣọ́ọ̀bù jó. Bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, tí a kò sọ fún un, hẹ̀rẹ̀huru rẹ̀ kò ní jẹ́ ká sùn lóru. Ẹgbẹ́ ọlọ́jà tó bá lè fòfin de bẹntiróòlù nínú ilé, kí gbogbo wọn sì jọ lọ bá iléeṣẹ́ adójútòfò kan ṣoṣo, ohùn wọn máa ń lọ jìnnà ju ti ẹnì kọ̀ọ̀kan lọ.

Àmọ́, nígbà tí wọ́n bá ń gé nǹkan kúrò láti dín owó kù, kí wọ́n mọ èyí tí wọ́n ń gé. Ìwé iná lásán kì í bo rògbòdìyàn, bẹ́ẹ̀ ni kì í bo àgbàrá òjò, àfi tí wọ́n bá fi kún un. Lóṣù kẹwàá ọdún 2020 tí wọ́n ń ṣe ìwọ́de End SARS, tí àwọn jàǹdùkú sì bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ ṣọ́ọ̀bù, òfò àwọn tó wà lábẹ́ ìwé iná lásán kò sí nínú àdéhùn wọn. Àwọn tó bá sì wà lẹ́bàá odò n'Ìbàdàn kò tíì gbàgbé òjò ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n oṣù kẹjọ ọdún 2011. Ẹni tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà lórí òkè lè yọ ti àgbàrá kúrò. Ẹni tó wà ní àfonífojì kò gbọ́dọ̀ dán an wò.

Ti olóko ní ọ̀nà tirẹ̀. Ní ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù Kejìlá ọdún 1987 ni ìjọba àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò adójútòfò iṣẹ́ àgbẹ̀, òfin ọdún 1993 ló sì sọ ọ́ di àjọ tí wọ́n ń pè ní NAIC. Lábẹ́ ètò náà, ìdajì ni àgbẹ̀ máa san lórí irè oko àti ohun ọ̀sìn tó bá wà nínú ìrànwọ́ ìjọba. Ìjọba ló ni ìdajì kejì. Kì í ṣe gbogbo ìwé tí NAIC ń ṣe ló ní ìrànwọ́ yìí o. Ti mọ́tò àti ti ilé kò sí níbẹ̀. Nítorí náà, ìbéèrè àkọ́kọ́ tí olóko gbọ́dọ̀ bèèrè ni bóyá ohun tí òun ń gbìn tàbí tí òun ń sìn wà lára èyí tí ìjọba ń ràn lọ́wọ́. NAIC nìkan kọ́ ló sì ń ṣe é mọ́, àwọn iléeṣẹ́ aládàáni náà ti gba àṣẹ láti dójútòfò oko. Ó yẹ kí ó gbọ́ iye tí wọ́n ń gbà lẹ́nu méjì tàbí mẹ́ta.

Iye adìyẹ kì í dúró síbì kan. Ọmọ adìyẹ ọjọ́ kan kò tó adìyẹ tó ti ń yé ẹyin níye, torí oúnjẹ oṣù márùn-ún ti wọ inú ìkejì. Ẹni tó bá kọ iye ọmọ adìyẹ sílẹ̀, tí àìsàn sì wá wọlé nígbà tí wọ́n ti ń yé, iye ọmọ adìyẹ ni wọ́n máa fi ṣírò fún un. Ti adìyẹ tí wọ́n ń tà fún ẹran yàtọ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ ni wọ́n ń lò, nítorí náà kó bèèrè ìwé tó jẹ́ ti ìdì kọ̀ọ̀kan, kó má san ti ọdún kan gbáko lórí ilé tó máa ń ṣófo láàárín ìdì kan sí èkejì.

Ibi tí owó òfò ti ń bọ́ lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ olóko ni àkọsílẹ̀. Ọjọ́ wo ni wọ́n fún adìyẹ lábẹ́rẹ́ àjẹsára? Mélòó ló kú lọ́sẹ̀ tó kọjá? Dókítà ẹran wo ló wá? Bí adìyẹ bá bẹ̀rẹ̀ sí í kú, wọn kò gbọ́dọ̀ sin gbogbo rẹ̀ tán kí wọ́n tó pe iléeṣẹ́ adójútòfò, kí dókítà ẹran sì yẹ̀ ẹ́ wò. Kó sì bèèrè tààrà kó tó san owó: bí àrùn lukúlukú bá dé bó ṣe dé sí ìpínlẹ̀ Kàdúná lóṣù kejì ọdún 2006, tí ìjọba sì ní kí wọ́n pa gbogbo adìyẹ oko náà, ta ni yóò san án? Ìdáhùn iléeṣẹ́ kan yàtọ̀ sí ti èkejì.

Fún àwọn tó ń gbin àgbàdo tàbí ìrẹsì, irú kan wà tí owó rẹ̀ kéré, torí wọn kì í rán ènìyàn lọ sí oko kọ̀ọ̀kan. Ìkórè gbogbo agbègbè ni wọ́n ń wò. Bó bá lọ sílẹ̀ ju iye tí wọ́n fẹnu kò sí, gbogbo àgbẹ̀ tó forúkọ sílẹ̀ níbẹ̀ ló máa gba owó. Ó dára fún ọ̀dá tó mú gbogbo ìlú. Ṣùgbọ́n bí màlúù bá jẹ oko ẹnì kan ṣoṣo, tí ti àwọn yòókù sì ṣe dáadáa, kò ní gba nǹkan kan.

Ẹ̀tàn ìwé olówó pọ́ọ́kú kò gba àlàyé púpọ̀. Orí NIID ni wọ́n ti lè yẹ ìwé mọ́tò wò, bóyá ojúlówó ni tàbí ayédèrú. Fún ti ilé àti ṣọ́ọ̀bù, kí wọ́n wo bóyá NAICOM fún iléeṣẹ́ náà láṣẹ. Òfin tuntun tí Ààrẹ Tinúbú fọwọ́ sí lọ́dún 2025 ti gbé owó ìdásílẹ̀ tí iléeṣẹ́ adójútòfò dúkìá gbọ́dọ̀ ní kúrò ní bílíọ̀nù mẹ́ta lọ sí bílíọ̀nù mẹ́ẹ̀ẹ́dógún náírà, ó sì fún wọn ní oṣù méjìlá láti kó o jọ. Àṣẹ tí iléeṣẹ́ ní lọ́dún tó kọjá kò tó láti fi gbà á gbọ́ lọ́dún yìí. Àwìn náà kò sí mọ́. Láti ọdún 2013 ni NAICOM ti ń mú un le pé ẹni tí kò tíì san owó kò sí lábẹ́ ààbò kankan, bó ti wù kí ó jẹ́ oníbàárà wọn tó.

Gbogbo èyí kò ṣeé ṣe lọ́jọ́ tí ìwé ń parí lọ. Oṣù kan ṣáájú ni kí oníṣòwò ti ka ọjà rẹ̀, kó kọ iye tí wọ́n máa fi rà á lónìí, kó sì kó o tọ alágbàtà adójútòfò tó ní ìwé àṣẹ lọ. Alágbàtà kì í gba owó lọ́wọ́ oníbàárà lọ́tọ̀, iléeṣẹ́ adójútòfò ló ń fún un ní tirẹ̀, nítorí náà kí ó ní kó mú iye tí iléeṣẹ́ mẹ́ta ń gbà wá, pẹ̀lú excess àti láìsí i. Bí wọ́n bá sì ti fún un ní ìwé àdéhùn, kó ṣe ẹ̀dà rẹ̀ pẹ̀lú àwọn ìwé tó fi ra ọjà, kó kó wọn sí ibòmíràn. Ìwé tó wà nínú dúrọ́ọ̀ ṣọ́ọ̀bù á bá ṣọ́ọ̀bù jó ni.